Ebi Kọ́ ni Oògùn Àtọ̀gbẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Oúnjẹ àti Okun Àwọn Àgbà Wa

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo yà kí ọ̀gá kan tí ó kọ́ mi ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Bàbá nígbà náà. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilé-ìwé wọn kò jẹ́ gbàgbé bí wọ́n ti máa ń rìn láyé ọjọ́sí: ìgbésẹ̀ wọn a le koko, ọrùn wọn a nà ṣánṣán, bí agogo bá sì ti lù, kò sí ọmọ tí yóò gbọ́ ìró bàtà wọn tí kò ní sáré wọ kíláàsì. Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, Bàbá fẹ́ dìde kí wọ́n lè fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, wọ́n gbé ara sókè díẹ̀, wọ́n sì tún padà jókòó. Wọ́n tún un ṣe, kò ṣeé ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọmọbìnrin wọn sáré jáde wá, ó gbá wọn mú lábẹ́ apá, kí wọ́n tó lè dìde. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o rí i? Àtọ̀gbẹ ti jẹ ẹsẹ̀ mi tán. Ọjọ́ ogbó ti dé."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé oúnjẹ alẹ́ Bàbá dé. Òkèlè ńlá kan ni, tí a fi èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rò, pẹ̀lú ewédú lásán nínú àwo kékeré. Kò sí ẹja níbẹ̀, kò sí ẹran, kò sí ẹyin. Nígbà tí mo bèèrè ìdí rẹ̀, ọmọbìnrin náà fi sùúrù dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, a kì í jẹ́ kí Bàbá jẹ ìjẹkújẹ mọ́. Wọ́n ní ẹyin kò dára fún wọn, ẹran kò dára fún wọn, ẹ̀wà sì máa ń wú wọn nínú. Òkèlè yìí nìkan ni kò ní ṣúgà." Mo wo Bàbá. Ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ ti fẹ̀ jù wọ́n lọ, ojúgun wọn kò sì ju ti ọmọdé lọ. Kì í ṣe ìkà ni ọmọ náà ń ṣe sí baba rẹ̀. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ nínú a máa pa ẹni tí a fẹ́ràn lára, ìdí sì nìyí tí a fi mú kálámù lónìí.

Ohun tí a fẹ́ wí kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa tí ó ní àtọ̀gbẹ ni kì í ṣe àrùn náà nìkan ni ó ń gba okun lẹ́sẹ̀ wọn: oúnjẹ tí a ń fi ìbẹ̀rù já gbà lẹ́nu wọn, àti àga tí a fi wọ́n jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́, wà lára ohun tí ó ń sọ wọ́n di aláìlágbára. Èyí ni ó dùn mọ́ni nínú, nítorí pé ohun tí ọwọ́ wa bàjẹ́, ọwọ́ wa lè tún un ṣe.

ÌRAN TÍ Ó WỌ ILÉ-ÌWÉ NÍ 1955

Ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo kọ́ ni èyí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí á jọ ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́fà ní àárọ̀ ọjọ́ náà ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Láti inú ìran náà ni a ti rí olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, adájọ́ àti òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n gbé orílẹ̀-èdè yìí ró lẹ́yìn òmìnira 1960. Àwọn ni wọ́n wà nínú yàrá báyìí tí wọ́n ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè dé ilé ìtura.

Àrùn àtọ̀gbẹ sì ń pọ̀ sí i láàrin wa. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Akínkúgbé jẹ́ alága rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde ní 1997 lórí àwọn àrùn tí kì í ràn, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní Nàìjíríà, àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ jẹ́ 2.2. Ní 2018, àwọn oníṣègùn Nàìjíríà kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí tí a ti ṣe jọ, wọ́n sì rí i pé iye náà ti di 5.8. Bí a bá ti ń dàgbà sí i ni àrùn náà sì túbọ̀ ń súnmọ́ wa. Ohun tí ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Kò sí agbo ilé ńlá kan tí a lè tọ́ka sí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án.

BÍ ÀTỌ̀GBẸ ṢE Ń BA IṢAN JẸ́

Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, ibi tí a bá ti pe iṣan, ẹran ara tí ó so mọ́ egungun ni a ń wí, irú èyí tí ó wà ní itan, ní apá àti ní ojúgun, tí a fi ń dìde, tí a fi ń rìn, tí a sì fi ń gbé ẹrù. Gbogbo ènìyàn ni iṣan rẹ̀ ń dín kù bí ó ti ń dàgbà, láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sókè. Ní 1989, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Irwin Rosenberg fún ìparun iṣan lọ́jọ́ ogbó ní orúkọ kan láti inú èdè Gíríìkì, sarcopenia. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, kò ju "òṣì ẹran ara" lọ. Orúkọ náà bá a mu, nítorí òtòṣì ni ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ méjì tí kò lè fi dìde.

Ní ti ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, òṣì yìí a máa yára dé. Ẹ jẹ́ kí á wo ìdí rẹ̀. Bí a bá jẹ oúnjẹ afúnnilágbára, bí iṣu, gààrí, ìrẹsì tàbí àmàlà, ó di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlíìnì, omi kan tí ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn ń sun jáde, ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn kí ṣúgà náà lè wọ inú iṣan, nítorí iṣan ni àká ńlá tí ara ń kó púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ sí. Ínsúlíìnì tún ní iṣẹ́ mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀: òun ni ó ń dá ara lẹ́kun kí ó má baà máa tú iṣan palẹ̀ láti fi ṣe oúnjẹ.

Nínú irú àtọ̀gbẹ tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn àgbà, ínsúlíìnì lè wà, ṣùgbọ́n ara kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ bí ti àtijọ́. Ilẹ̀kùn kò ṣí dáadáa. Ṣúgà kún ìta gbangba, ebi sì ń pa àwọn ará ilé. Àwọn kíndìnrín bẹ̀rẹ̀ sí í da ṣúgà nù sínú ìtọ̀, omi ara sì ń bá a lọ. Ara wá yíjú sí iṣan, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí iṣan bá sì ti ń run, àká ṣúgà ni ó ń wó yẹn, nítorí náà ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yóò tún ga sí i. Àrùn ń ba iṣan jẹ́, ìbàjẹ́ iṣan sì ń fún àrùn lágbára. Bí a bá wá fi ebi kún un, ńṣe ni a bá àrùn náà gbé àáké.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ojú rí èyí. Ní ìlú Pittsburgh àti Memphis ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbà, dúdú àti funfun, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 70 sí 79 nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2006 àti 2007 fi hàn pé àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ ni agbára ẹsẹ̀ wọn yára dín kù jù láàrin ọdún mẹ́ta. Èyí tí ó yani lẹ́nu ni pé, ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, àwọn alátọ̀gbẹ wọ̀nyí kò tilẹ̀ tín-ín-rín ju àwọn yòókù lọ. Ẹran ara wọn pọ̀, ṣùgbọ́n agbára tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo ìyá rẹ̀ tí ó sanra kí ó sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan Màmá.

ÀWỌN TÍ Ó TI FI EBI WO ÀTỌ̀GBẸ RÍ

Kì í ṣe àwa ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rò pé ebi ni oògùn àtọ̀gbẹ. Kí a tó rí ínsúlíìnì lò, dókítà kan wà ní New York tí ń jẹ́ Frederick Allen, tí ó gbajúmọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1915 nítorí pé ó ń fi ìdínkù oúnjẹ mú ṣúgà àwọn aláìsàn rẹ̀ wálẹ̀. A kò gbọdọ̀ pè é ní òpònú. Ní àkókò náà, àwọn ọmọdé tí irú àtọ̀gbẹ tiwọn jẹ́ pé ara kò ṣe ínsúlíìnì rárá kì í pẹ́ kú, ebi sì ni ohun kan ṣoṣo tí ó lè fi oṣù tàbí ọdún díẹ̀ kún ẹ̀mí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ná wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922, nígbà tí a fún ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì àkọ́kọ́ ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, gbogbo ara rẹ̀ kò wọ̀n ju nǹkan bíi kílò 29 lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n gbé Elizabeth Hughes, ọmọ Charles Evans Hughes tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mínísítà ńlá Amẹ́ríkà, lọ sí ọ̀dọ̀ Frederick Banting. Ó ti ń súnmọ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sì wọ̀n ju nǹkan bíi kílò 20 lọ. Nígbà tí ó rí ínsúlíìnì gbà, tí ó sì ń jẹun, ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ó di abiyamọ, kò sì kú títí di 1981.

Irú àtọ̀gbẹ tí ó wà lára àwọn ọmọ wọ̀nyẹn yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà wa. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kò yí padà: ṣúgà lè wálẹ̀ kí ènìyàn sì máa run lọ. Ìdíwọ̀n ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni a fi ń mọ̀ bóyá ara yá. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ayé ti bọ́ lọ́wọ́ ìtọ́jú onébi yìí. Kò yẹ kí ó tún gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé wa lórúkọ ìṣọ́ra.

OÚNJẸ TÍ ÀGBÀ GBỌ́DỌ̀ RÍ JẸ

Àṣìṣe ńlá méjì ni ó wà nínú àwo oúnjẹ Bàbá olùkọ́ wa. Èkínní ni pé wọ́n rò pé nítorí òkèlè náà dúdú tí kò sì dùn lẹ́nu, kò ní di ṣúgà. Òótọ́ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kì í yára gbé ṣúgà sókè tó ìrẹsì funfun tàbí búrẹ́dì, ṣùgbọ́n oúnjẹ afúnnilágbára ni, bí a bá sì ro ó tóbi bí orí ọmọdé, yóò gbé ṣúgà sókè. Ìwọ̀n ni a ń wò, kì í ṣe àwọ̀. Èkejì, tí ó burú jù, ni pé kò sí oúnjẹ amáradàgbà kankan nínú àwo náà. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹ kọ́ wa pé oúnjẹ amáradàgbà ni ọmọ fi ń dàgbà. Ohun tí a kò fi kún un ni pé òun náà ni àgbà fi ń dúró. Inú rẹ̀ nìkan ni ara ti lè rí ohun tí yóò fi tún iṣan mọ.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó? Ní 2013, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ káàkiri ayé gbà pé àgbà tí ara rẹ̀ le yẹ kí ó máa rí oúnjẹ amáradàgbà gíráàmù 1 sí 1.2 jẹ lójúmọ́ fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti pé ẹni tí àìsàn bá wà lára rẹ̀ lè nílò 1.2 sí 1.5. Bí Bàbá bá wọ̀n ní kílò 60, èyí jẹ́ gíráàmù 72 sí 90 lójúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí iye náà dẹ́rù bà yín. Ẹ mú táwàdà, kí á jọ rò ó.

Ẹyin adìyẹ kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6: méjì jẹ́ 12. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100, kí a tó sè é, ní nǹkan bíi 22. Ẹja gíráàmù 150, èyí tí ó tó ègé méjì tí ó nípọn, ní nǹkan bíi 30. Ẹ̀pà ìkúnwọ́ kan ní 7. Gbogbo rẹ̀ di 71, a kò sì tíì ka èyí tí ó wà nínú òkèlè àti ògì, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ó wà níbẹ̀: gààrí gíráàmù 100 kò ní ju bí ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Ẹ̀yin náà rí i pé bí Bàbá tilẹ̀ jẹ òkèlè títí ikùn fi fẹ́ bẹ́, iṣan rẹ̀ ṣì lè wà nínú ebi.

Ẹ jẹ́ kí á pín in sí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí pé iṣan àgbà kì í dáhùn sí díẹ̀. Ó ń fẹ́ kí ó tó níye nígbà kọ̀ọ̀kan, ó sì sàn ju kí a kó gbogbo ẹran jọ sí oúnjẹ alẹ́. Ní òwúrọ̀, mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹyin kan àti ife ògì kékeré tí kò ní ṣúgà. Ní ọ̀sán, òkèlè tí kò ju ìkúùkù ọwọ́ lọ, ẹ̀fọ́ rírò tí ó pọ̀, àti ẹja. Ní alẹ́, ẹ̀wà sísè pẹ̀lú ẹja tàbí ẹyin kejì. Ẹ̀pà a sì wà láàrin. Ẹ̀wà tí a rẹ sínú omi, tí a da omi náà nù, tí a sì sè kí ó rọ̀ dáadáa, kì í sábà wú inú púpọ̀. Ẹ̀wà ní afúnnilágbára tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í yára di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí eyín kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, kí a lọ ẹja sínú ọbẹ̀ fún un. A kò nílò agolo olówó iyebíye tí ó ti òkèèrè wá: wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà, sóyà, ẹ̀gúsí, eja gbígbẹ àti ẹ̀wà olóyin jẹ́ ti ilẹ̀ wa.

Ẹ sì rántí àṣà wa. Láyé àtijọ́, ẹran tí ó tóbi jù nínú ìkòkò, ti baálé ni. Ọmọdé a máa wò ó ní àwòyánu. Ta ni ó wá sọ fún wa pé kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀ jù?

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ gidigidi kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ amáradàgbà kún tirẹ̀ láìgba àṣẹ dókítà, nítorí ó lè pa á lára. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò kí a tó yí oúnjẹ àgbà padà.

ẸSẸ̀ TÍ A KÒ LÒ

Oúnjẹ nìkan kò tó. Bírìkì kì í fúnra rẹ̀ di ilé. Iṣẹ́ ni ó ń sọ fún ara pé kí ó fi oúnjẹ mọ iṣan. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé, "Bàbá ti dàgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi." Ní 1990, dókítà kan tí ń jẹ́ Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Boston. Àwọn àgbà mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 86 sí 96 ni wọ́n fi ẹsẹ̀ gbé ohun wíwúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án parí rẹ̀, agbára ẹsẹ̀ wọn sì fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i: bí ẹni tí ń gbé kílò 10 tí ó wá ń gbé nǹkan bíi 27. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró, agbára náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Iṣan àgbà kò kú. Ó ń sùn ni, ẹni tí ó bá jí i kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó tún padà sùn.

Àga ilé ti tó fún ìdánwò àti fún oògùn. Kí àgbà jókòó lórí àga tí ó dúró gbọn-in, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, kí ó ká apá sí àyà, kí ó dìde, kí ó sì jókòó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí ó bá gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ, àwọn onímọ̀ Yúróòpù kà á sí àmì pé agbára iṣan rẹ̀ ti dín kù. Ìdánwò yìí náà ni ìtọ́jú rẹ̀: kí ó máa ṣe é lójoojúmọ́, kí ó fi ọwọ́ ti apá àga ní ìbẹ̀rẹ̀ bí kò bá lè ṣe é lásán, kí ẹnìkan sì dúró tì í. Kí ó di ẹ̀yìn àga mú, kí ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara sókè. Kí ó fi ìgò omi gbé apá. Kí ó rìn yí àgbàlá ká fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí iṣan tí ń ṣiṣẹ́ a máa fa ṣúgà wọlé. Kí ó wọ bàtà tí kò fún un, kí a sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálẹ́, nítorí àtọ̀gbẹ a máa pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, ọgbẹ́ a sì wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó dùn ún.

GBOGBO ÀÁRẸ̀ KỌ́ NI OGBÓ

Bí àgbà bá ní, "Ó rẹ̀ mí," a kì í bèèrè ohun tí ó fà á. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a bèèrè. Ó lè jẹ́ pé ṣúgà ga jù, tí ó ń tọ̀ lóru, tí kò rí oorun sùn. Ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀, tàbí ìbànújẹ́ ọkàn, nítorí opó àti ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun kì í sábà sọ èyí tí ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé oògùn metformin tí ó ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ti dín fítámì B12 ara rẹ̀ kù, èyí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn tí ó sì ní ìtọ́jú. Kí ó má ṣe torí èyí já oògùn sílẹ̀; dókítà ni kí ó sọ fún.

Èyí tí ó léwu jù ni kí ṣúgà lọ sílẹ̀ jù. Àgbà tí ó lo ínsúlíìnì tàbí àwọn oògùn kan tí ń lé ṣúgà wálẹ̀, tí kò sì jẹun, lè máa gbọ̀n, kí òógùn bò ó, kí òòyì kọ́ ọ, kí ó máa sọ ìsọkúsọ. Bí ìdíwọ̀n bá ti wà lábẹ́ 70, kí a fún un ní ṣúgà oníhóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí ife ohun mímu dídùn kékeré kan, kí a tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ó sì jẹun. Bí ó bá ti dákú, kí a má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá. Ìbẹ̀rù ìṣubú yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn dókítà má fi bẹ́ẹ̀ le koko mọ́ àgbà tí ara rẹ̀ kò le. Ṣúgà tí ó tọ́ fún ẹni ogójì ọdún lè jẹ́ ewu fún ẹni ọgọ́rin.

IṢẸ́ TI WA

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ojúṣe ọmọ kò tán sí pé kí ó ra èlùbọ́. Kí ó bá òbí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó bèèrè ọ̀rọ̀ kíndìnrín àti ti oògùn, kí ó sì bèèrè onímọ̀ oúnjẹ, nítorí wọ́n wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn University College Hospital ní ilé ìtọ́jú tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà láti 2012. Ó yẹ kí irú rẹ̀ wà káàkiri. Ṣùgbọ́n kí ó tó kàn wá, ilé ìwòsàn kékeré ẹ̀bá ilé wa yẹ kí ó ní ohun tí a fi ń wọn ṣúgà, kí ó sì ní ẹni tí yóò jókòó bá àgbà sọ̀rọ̀ ju kí ó sọ fún un pé "má jẹ, má jẹ" lọ. Owó ìfẹ̀yìntì tí ó pẹ́ kí ó tó dé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú: ẹyin àti ẹja kò ní ìtumọ̀ fún ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Orílẹ̀-èdè tí ó ń fi ẹnu yin àwọn akọni rẹ̀, tí kò sì rí ẹ̀wà fi sí wọn lẹ́nu, kò tíì jẹ òmìnira tán.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Ọmọ tí ẹ bá kọ́ ní ìṣirò tí a ṣe lókè yìí yóò gbé e lọ sílé lálẹ́, yóò sì wo inú àwo bàbá àgbà rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì náà lè mú ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìpàdé wọn fi dìde kí wọ́n sì jókòó.

Ní ti ọ̀gá mi, mi ò ní parọ́ pé wọ́n ti di ọ̀dọ́. Ọmọbìnrin wọn gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kíndìnrín wọn ṣì ṣe déédéé, wọ́n tún oògùn wọn ṣe, wọ́n sì kọ oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ó gba oṣù púpọ̀, ìjà sì wà lórí ìwọ̀n òkèlè. Nígbà tí mo tún lọ kí wọn, wọ́n ní kí n dúró síbi tí mo wà. Wọ́n ká apá sí àyà. Wọ́n fi ohùn tí ó máa ń mú wa gbọ̀n ní kíláàsì sọ pé, "Ẹ dìde!" Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń pàṣẹ fún. Ẹsẹ̀ náà gbọ́, ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Wọ́n rìn ìgbésẹ̀ mẹ́rin wá bá mi, wọ́n sì fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn.